Ìwé mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Accra: èwo ló pọn dandan, ibo la ti ń gbà á?

Ọmọ Pòrógun:

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Accra, a sì fẹ́ gbé mọ́tò lọ. Corolla ọdún 2010 ni, tokunbo láti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà Ògùn. Àwa mẹ́ta la ń lọ, ọjọ́ méjìlá la máa lò, àlọ àtàbọ̀. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ la fẹ́ gbà, ká ti ibẹ̀ kọjá Kútọnu àti Lómè.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí ìwé mọ́tò, ẹ̀gbọ́n ò sì ní bá wa lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tó wà lára ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni ti Kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀: ẹnìkan ní ká lọ gba carnet, ẹlòmíràn ní ISRT ni, ẹlòmíràn tún ní kí n ṣáà mú owó dání, pé ẹnu ibodè ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò onímọ́tò.

Agẹ́ńtì Ṣágámù:

Ó dáa bí ẹ ṣe bèèrè kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá dé Sẹ̀mẹ̀ kó tó máa wá ìwé, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹnu ibodè ló máa bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ èyí tí kò kàn yín kúrò. ISRT, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní TRIE, ti ẹrù ni: ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ọjà láti èbúté kan, tó fẹ́ la orílẹ̀-èdè kan kọjá lọ sí òmíràn láìsan owó ibodè lójú ọ̀nà. Mọ́tò ilé kò sí níbẹ̀. Carnet de passages ní tirẹ̀ jẹ́ ìwé pélébé olójú-ewé 5, 10 tàbí 25 tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ń fún èèyàn lẹ́yìn tó bá ti fi owó tàbí ìwé báńkì dúró. Ọdún kan ló ń lò. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta: Kọ́sítọ́ọ̀mù á ya apá kan nígbà tí mọ́tò bá wọlé, wọ́n á ya èkejì nígbà tó bá ń jáde, ẹ̀kẹta tó gba òǹtẹ̀ méjèèjì á kù sínú ìwé lọ́wọ́ onímọ́tò. Ẹni tó ń wa mọ́tò lọ sí Íjíbítì kò lè ṣe é láìní i. Láti Nàìjíríà dé Gánà, kò pọn dandan, ẹ má náwó sí i.

Òfin tó kàn yín ni àdéhùn ECOWAS lórí ìrìnkèrindò, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 1979. Abala karùn-ún rẹ̀ ní mọ́tò àdáni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn kó sì wà níbẹ̀ tó ọjọ́ 90, bí ìwé mẹ́rin bá wà nílẹ̀: láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì tí gbogbo wọn gbà, àti ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù. (Ọjọ́ 15 péré ni ti ọkọ̀ ìṣòwò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ tiyín mọ́ wọn.) Ẹ lè kó mẹ́ta àkọ́kọ́ jọ láti ilé. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń kọ lẹ́nu ibodè. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, laissez-passer ni wọ́n ń pè é. Ní Gánà, ìwé ìgbàwọlé fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ju báyìí lọ: orílẹ̀-èdè tí ẹ wọ̀ kò gba owó ibodè lórí mọ́tò yín torí wọ́n gbà pé àlejò ni. Wọ́n kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ nígbà tó wọlé. Bí kò bá sí ẹni tó fa ìlà lé e nígbà tó ń jáde, lójú tiwọn, mọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì ti lè tà á. Nígbà tí ẹ bá tún padà dé, owó ibodè pẹ̀lú ìtanràn ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà fún yín. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní kẹ́ ẹ mú owó dání nìkan kò fi fẹ́ ire fún yín. Owó tí ẹ fún ẹni tí kò kọ rìsíìtì kò ní fi òǹtẹ̀ kankan sílẹ̀ lórí ìwé, òǹtẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì máa bèèrè.

Òǹtẹ̀ Imigiréṣọ̀n tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ti èèyàn ni o, kì í ṣe ti mọ́tò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á rí òǹtẹ̀ nínú pásípọ́ọ̀tù, wọ́n á rò pé ó parí, wọ́n á wa mọ́tò kọjá ọ́fíìsì Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ní àlọ nìkan, ẹ máa dúró níwájú Kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹfà. Ti Nàìjíríà ní Sẹ̀mẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ti Bẹ̀nẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ kan náà (láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 tí wọ́n ti ṣí ilé ibodè àjọlò, inú ọgbà kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì wà). Ti Bẹ̀nẹ̀ ní Hilla-Condji, ibodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ti Tógò lódìkejì rẹ̀. Ti Tógò ní Kodjoviakopé, tó wà nínú Lómè gan-an. Ti Gánà ní Aflao. Àbọ̀, mẹ́fà mìíràn. Ìwé tí ẹ gbà ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà àlọ kò ní ṣiṣẹ́ fún àbọ̀, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gba tuntun.

Ní ọ̀dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa, ẹ má kàn juwọ́ sí wọn kí ẹ kọjá. Ẹ sọ pé ẹ ń gbé mọ́tò jáde fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi ìwé ọkọ̀ àti ìwé owó ibodè tí wọ́n san lórí rẹ̀ hàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà àti ṣáásì rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yòówù tí wọ́n bá fún yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi padà délé.

Ní ọ̀dọ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹ sọ fún wọn bóyá ńṣe lẹ kàn ń kọjá tàbí ẹ máa sùn níbẹ̀, torí iye ọjọ́ tí wọ́n máa kọ wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ni òfin lójú ọ̀nà, kì í ṣe 90 inú àdéhùn. Ẹni tí wọ́n kọ ọjọ́ mẹ́ta fún, tó lo márùn-ún, tó wá ń ka àdéhùn ECOWAS sí wọn létí ní Hilla-Condji, ìtanràn ló máa san.

Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó kọ laissez-passer, ẹ kà á lẹ́ta kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ọkọ̀, ṣáásì, orúkọ awakọ̀, ọjọ́ ìparí, orúkọ ibodè tí ẹ máa gbà jáde. Nọ́ńbà ṣáásì ní àmì 17, kò sì sí lẹ́ta I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí O níbẹ̀, òdo ló yẹ kó jẹ́. Bí ẹ bá rí I, ení ni. Ẹ ní kí wọ́n tún un kọ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí àtúnṣe náà. Ẹni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ní ibodè kejì, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ ni ìwé yẹn ń sọ.

Agẹ́ńtì Ṣágámù:

Mo gbàgbé ti ẹ́ńjìnnì àti ti orúkọ.

Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ kó rìsíìtì tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì náà, ìwé ìbúra láti kóòtù, àti ìwé ọlọ́pàá jọ, ẹ gbé mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ sí láísẹ́ǹsì ọ́fíìsì kí wọ́n wo nọ́ńbà tuntun, kí wọ́n sì yí i padà nínú àkọsílẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ díẹ̀, ẹ má fi di ọ̀la. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lọ gba ìnṣọ́ránsì, kó má baà jẹ́ pé nọ́ńbà àtijọ́ ló máa wà nínú ìwé kan, tuntun nínú òmíràn. Ní ẹnu ibodè, ẹ́ńjìnnì tí kò bá ìwé mu, bí ọkọ̀ olè ló ṣe ń rí.

Ti orúkọ, ẹ kò nílò láti gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n torí ọjọ́ méjìlá. Kí ẹ̀gbọ́n kọ ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì búra sí i ní kóòtù gíga. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: orúkọ ẹ̀gbọ́n bó ṣe wà lórí ìwé ọkọ̀, orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù (kì í ṣe orúkọ ilé), nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín, irú ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ṣáásì rẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa dé, nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá kún ọjọ́ àbọ̀, torí mọ́tò lè bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ so fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa, kó túmọ̀ rẹ̀ sí ojú ewé kejì. Procuration ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa bèèrè nìyẹn bí wọ́n bá ti rí i pé orúkọ kò bára mu. Bí ẹ̀yin méjì bá máa pín ọkọ̀ náà wà, orúkọ awakọ̀ méjèèjì ni kó wà níbẹ̀.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣágámù. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìnṣọ́ránsì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayédèrú fún èèyàn jù.

Ìnṣọ́ránsì tí àdéhùn yẹn ń sọ ni Brown Card. Kútọnu ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, oṣù karùn-ún ọdún 1982, Lómè sì ni orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí mọ́tò yín bá gbá èèyàn tàbí tó ba nǹkan onínǹkan jẹ́ ní Lómè, ẹ̀ka Brown Card ti Tógò ló máa bójú tó ẹni tó fara gbá a, ní ìbámu pẹ̀lú òfin Tógò, kí wọ́n tó padà gba owó náà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì yín níbí. Ẹni ẹlẹ́ni ló wà fún. Kò ní tún mọ́tò yín ṣe, kò ní san owó ilé ìwòsàn awakọ̀ tó jẹ̀bi, kò sì kan olè tó bá jí ọkọ̀ gbé. Bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò lọ́hùn-ún, ẹ bèèrè lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì bóyá comprehensive yín (ìnṣọ́ránsì tó bo mọ́tò yín fúnra rẹ̀) kọjá ibodè. Èyí tí kò kọjá ló pọ̀.

Brown Card kì í dá dúró. Orí ìnṣọ́ránsì ilé ló ń gùn, ọjọ́ ìparí rẹ̀ kò sì lè kọjá ti ìnṣọ́ránsì náà. Third party (ìnṣọ́ránsì tó bo ẹlòmíràn nìkan) ti mọ́tò àdáni di ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023 nípa àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì (₦5,000 ni tẹ́lẹ̀), ó sì bo dúkìá ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́ dé ₦3,000,000. Owó Brown Card wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì lójú pópó lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nínú kíóòsì, inú ìṣòro ló wà láìmọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wò ó lónìí lórí askNIID, ibi tí àkọsílẹ̀ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá jáde, ìwé lásán lẹ mú dání, Brown Card tí wọ́n bá sì gbé lé e lórí kò ní ìpìlẹ̀.

Ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ mú ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì, àti ìwé ìnṣọ́ránsì lọ. Bí ọjọ́ ìnṣọ́ránsì yín bá máa parí láàárín ìrìn àjò, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó lọ, kò sí bí ẹ ṣe máa tún un ṣe láti Accra tí káàdì inú ọkọ̀ á fi yí padà.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́): ẹ má gbé ọkọ̀ kúrò títí ọlọ́pàá fi dé, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ kejì, ojú títì, àti ibi tó bàjẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà ìwé tí ọlọ́pàá kọ, procès-verbal ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi tó ẹ̀ka Brown Card ti orílẹ̀-èdè náà létí, kí ẹ sì pe kọ́ńpìnnì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé Faransé tí ẹ kò lè kà. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà owó lójú títì, torí ẹni tó bá ti gba ẹ̀bi sórí lójú títì ti ba ẹjọ́ jẹ́ fún kọ́ńpìnnì.

Ti ara yín náà: káàdì ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti tó ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó dé ibodè. Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà tó fún gbogbo ayé ẹni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti ọdún 2015 ti kú.

Ọmọ Pòrógun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Àwọn ará ilé fẹ́ kí a gbé gàrí Ìjẹ̀bú àpò mẹ́rin àti aṣọ ẹbí ogójì lọ. Wọ́n sì ní kí a ra ìrẹsì díẹ̀ bọ̀ láti Kútọnu. Ṣé ó léwu? Àti pé, ṣé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò ní yá ju Sẹ̀mẹ̀ lọ?

Agẹ́ńtì Ṣágámù:

Ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀. Òfin kò gba ìrẹsì láti orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, ì báà jẹ́ àpò kan. Adìyẹ inú yìnyín náà bẹ́ẹ̀, táyà tokunbo náà bẹ́ẹ̀. Ẹrù eléèwọ̀ kì í lọ nìkan: ọkọ̀ tó gbé e lè bá a lọ. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ṣọ́ láti òwúrọ̀, àpò ìrẹsì kan lè sọ ọ́ di ti ìjọba. Bákan náà ni epo bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì ní àlọ. Ẹ rọ epo kún táǹkì nílé, kí kẹ́ẹ̀gì má sí nínú bùútù, òfìfo pàápàá.

Gàrí àpò mẹ́rin ti di ọjà lójú ẹni tó ń ṣí bùútù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àpò kan, ìyẹn lè jẹ́ ẹrù ilé. Aṣọ ẹbí ogójì tó dọ́gba, tí wọ́n dì bákan náà, ọjà ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Ẹ má pa á mọ́ sábẹ́ ìjókòó o, pípa á mọ́ ló ń sọ ọ́ di fàyàwọ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sórí ìwé, ẹ mú rìsíìtì tí ẹ fi rà á dání pẹ̀lú káàdì ìpè ìgbéyàwó, ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó bèèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san nǹkan lé e, ẹ san án, kí ẹ gba rìsíìtì.

Ìdí-Ìrókò: ìjọba ti gbogbo ibodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ó ti ṣí báyìí, ẹ sì lè gba Ṣágámù sí Ọ̀tà, kí ẹ bọ́ sí Ìgólò lódìkejì ibodè, kí ẹ gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kútọnu. Yorùbá wà káàkiri Ìgólò àti Àjàṣẹ́, ẹ̀yin náà á gbádùn ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé tí wọ́n máa kọ. Ibodè tí ẹ bá gbà jáde ni kí ẹ gbà wọlé, torí ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ mọ́tò yín wà. Fún ẹni tó ń lọ sí Lómè, Sẹ̀mẹ̀ tààrà jù.

Ìwé kan ṣì kù tí èèyàn kì í rántí àfi nígbà àbọ̀: ìwé owó ibodè tí wọ́n san nígbà tí Corolla yẹn kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti orí ilẹ̀. Mọ́tò yín kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n tokunbo tó ti Kútọnu ń bọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ ní ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin lẹ sì máa fi hàn pé ilé ni tiyín ń padà sí. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó lọ, kí wọ́n fi ṣáásì rẹ̀ wò ó bóyá owó náà wọlé lóòótọ́. Bí ìwé náà bá jẹ́ ayédèrú, tí ẹni tó ta mọ́tò fún ẹ̀gbọ́n kò sọ, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde ju kí ẹ mọ̀ ọ́n ní Sẹ̀mẹ̀ lọ.

Awakọ̀ Ìpẹru:

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mọ́tò.

Àmì orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. WAN ni ti Nàìjíríà, kì í ṣe NIG, kì í ṣe NGR tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Lẹ́ta dúdú lórí funfun rìbìtì gígùn, ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 24, gíga 14.5, lẹ́ta kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹni tó ń tẹ sítíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ṣe é fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Pátákó nọ́ńbà iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ pé, kí lẹ́ta wọn hàn. C-caution méjì, ẹ̀rọ panápaná tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá (ọjọ́ náà wà lára rẹ̀, wọ́n máa ń wò ó), àpótí oògùn kékeré, táyà ẹ̀sítírà tó ní afẹ́fẹ́, jáàkì, wùùlù sípánà. Bí wọ́n ti ń bá yín lọ́rọ̀ ni ojú wọn á máa wá ohun tí kò sí. Iná bíréèkì tó kú ló ń mú kí wọ́n kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì lára ọkọ̀ fúnra yín, ẹ má gbára lé ìwé. Ti Corolla tó wá láti Amẹ́ríkà wà lórí dáṣíbọọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀, ó sì tún wà lórí sítíkà ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí wọ́n bá ti kun ọkọ̀ náà rí, pẹ́ńtà lè ti bo ti ilẹ̀kùn tàbí kó ti yọ ọ́ dànù. Ṣáásì tí wọ́n kun ọ̀dà bò, wọ́n á ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni. Ẹ fi tínà rọra fọ̀ ọ́ kí ó hàn, ẹ má fi irin ha á.

Fọ́tókọ́pì: ìdì ìwé mẹ́jọ, ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ pẹ̀lú píìnì. Ìdì kan: ojú ewé pásípọ́ọ̀tù awakọ̀, láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀, Brown Card, ìwé àṣẹ ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ìtumọ̀ Faransé. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ ṣe fọ́tókọ́pì ní ẹnu ibodè ló máa ń ní ẹni tó ń ṣe é. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé.

Láísẹ́ǹsì FRSC yín ni àdéhùn náà gbà. Ìwé ìwakọ̀ ti àgbáyé tó ní ìtumọ̀ Faransé nínú ń dín àríyànjiyàn kù, bí ẹ bá ráyè gbà á, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n òun nìkan láìsí láísẹ́ǹsì gan-an kò wúlò. Orúkọ tí wọ́n máa pè: permis ni láísẹ́ǹsì, carte grise ni ìwé ọkọ̀, assurance ni ìnṣọ́ránsì, douane ni Kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ọlọ́pàá bá ní carte grise, ẹ má na láísẹ́ǹsì sí i.

Aago Tógò àti Gánà fi wákàtí kan pẹ́ sí tiwa. Ti Bẹ̀nẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Ẹ rántí rẹ̀ bí ọjọ́ ìwé yín bá kù díẹ̀.

Ọmọ Alárè Lómè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ti àwa tó wà lódìkejì ńkọ́? Nọ́ńbà Tógò la fi ń wakọ̀, Ojúde Ọba la sì ń bọ̀ wá ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. A máa ń gbọ́ pé Kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba mọ́tò tí kì í ṣe nọ́ńbà Nàìjíríà.

Agẹ́ńtì Ṣágámù:

Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ Alárè. Àdéhùn kan náà ló kàn yín: carte grise, permis, Brown Card, àti ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà tí ẹ máa gbà ní Sẹ̀mẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ìwé kẹrin yẹn ni àwọn ará ilé kì í gbà, torí wọ́n rò pé ọmọ ìlú làwọn. Ẹ̀yin lọmọ ìlú, mọ́tò yín kì í ṣe ọmọ ìlú. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá ọkọ̀ dúró níbikíbi, kì í ṣe ẹnu ibodè nìkan. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà Tógò ní ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ láìsí ìwé ìgbàwọlé, ohun tí wọ́n máa rò ni pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà wọlé. Ìwé náà gan-an ni kó wà nínú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi wà nílé, kì í ṣe fọ́tókọ́pì.

Ẹ má yá àbúrò tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde ní mọ́tò náà kó máa fi rìn káàkiri ìlú, orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé. Ẹ má fi mọ́tò sílẹ̀ sílé kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì padà sí Lómè pé ẹ ń bọ̀ wá gbé e ní Kérésìmesì. Ọjọ́ orí ìwé kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí mọ́tò bá sì bàjẹ́ tí ọjọ́ fẹ́ pé, ẹ má dúró kí ó kọjá. Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ mélòó kan, ẹ kọ ìwé sí Kọ́sítọ́ọ̀mù ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ fún yín, ẹ so ìwé mẹkáníìkì mọ́ ọn pẹ̀lú rìsíìtì àwọn páàtì tí ẹ ń dúró dè, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́. Ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ fi sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé àkọ́kọ́ títí èsì fi máa dé.

Ọmọ Pòrógun:

Ó ti yé mi. Láísẹ́ǹsì ọ́fíìsì ni mo ń lọ lọ́jọ́ Ajé torí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà kóòtù, kí n tó lọ gba Brown Card. Ẹ ṣé o.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́:

Bó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun náà sínú ìnṣọ́ránsì ilé kí wọ́n tó tẹ Brown Card, kí ẹ sì fi ojú ara yín wò ó lórí méjèèjì kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì.